Áńpù fáàfù àtijọ́ tí bàbá wa fi sílẹ̀: báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe lè mọ́ gaara, kí ó sì dún ketekete?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ áńpù gìtá oní-fáàfù (fáàfù ni ìgò kékeré tó ń gbóná, tó ń gbé ohùn ga) ni mo gbé wá, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé bí mo bá ba èyí tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́, n kò mọ ibi tí màá ti rí irú rẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni bàbá wa ṣe nígbà ayé wọn. Nínú ẹrù tí wọ́n kó bọ̀ láti Amẹ́ríkà ni áńpù Fender Deluxe kan wà, àpótí igi tí wọ́n fi aṣọ híhun aláwọ̀ ewé gbígbẹ bò, tí ìwé pélébé kan sì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ tí wọ́n kọ 5E3 sí. Mo ti kà á pé láàrin ọdún 1955 sí 1960 ni ilé iṣẹ́ náà fi ṣe irú rẹ̀. Àbúrò bàbá wa ló fi ṣeré jùjú káàkiri Lafiaji àti Campos títí ara wọn kò fi gbé e mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í sábẹ́ ibùsùn, ibẹ̀ ni mo sì ti fà á jáde ní ọdún tó kọjá.

Ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń dà mí láàmú ni irú ohùn tó ń mú jáde. Kókó tí a fi ń gbé ohùn sókè ní nọ́ńbà 1 dé 12 lára, ṣùgbọ́n bí mo bá ti yí i kọjá 3 báyìí, ohùn gìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, okùn tó nípọn á máa dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀, okùn tínrín náà kò sì ní yọ rárá. Líìdì gìtá ni mo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Yábàá, àti ní òde àríyá tí mo máa ń bá wọn lọ ní ọjọ́ Sátidé. Ohùn tí mo ń wá ni èyí tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà nínú jùjú, níbi tí gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń dá ara wọn lóhùn, tí ọ̀kan kò sì bo èkejì mọ́lẹ̀, tí ìró okùn kọ̀ọ̀kan dá dúró bí agogo.

Oníṣẹ́ kan tí mo gbé e lọ bá ní kí n jẹ́ kí òun tú gbogbo inú rẹ̀ dànù, kí òun fi pátákó òde òní tí kò ní fáàfù sí i. Mo gbé e kúrò níwájú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ọ̀nà wà tí a fi lè mú kí ohùn rẹ̀ mọ́ láìlu ihò kankan sí i lára, tó fi jẹ́ pé bí ó bá wù mí lọ́la, mo lè dá a padà sí bí bàbá wa ṣe rà á? Mo mọ lẹ́ẹ̀dì jó, mo sì ní mítà. Iná 110 ni áńpù náà ń jẹ. Tiransifọ́mà tí mo rà ní ọjà Alaba ni mo fi ń sọ iná ilé di 110 fún un.

Bàbá Rediónìkì, Mushin, fèsì pé:

Ọmọ mi, o ṣeun tí o gbé e kúrò lọ́wọ́ ẹni yẹn. Ó lé ní 40 ọdún tí mo ti ń tún rédíò àti áńpù oní-fáàfù ṣe, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n bà jẹ́ nítorí pé ẹni tó ni wọ́n fẹ́ pa ohùn wọn dà kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Áńpù tó ti lé ní 60 ọdún kì í dún mọ́ bí ó ṣe dún lọ́jọ́ tó jáde. Kọ́kọ́ mú un padà bọ̀ sípò, kí o gbọ́ ohùn tí wọ́n fi bí i, lẹ́yìn náà ni kí o wá sọ fún mi bóyá o ṣì fẹ́ yí ohunkóhun padà.

Kí o tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, fetí sí èyí. Kapásítọ̀ (ẹ̀yà tó máa ń tọ́jú iná sínú) ńlá mẹ́ta ló ń sẹ́ iná nínú áńpù yìí, 16 µF ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, iná tó ń gbé inú wọn sì máa ń kọjá 300 fólítì dáadáa, kódà nígbà tí o bá ti yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri. Iná yẹn lè pa ènìyàn. Wá résístọ̀ (ẹ̀yà tó ń dín agbára iná kù) 100 kΩ oní-wáàtì 2, jó wáyà tó ní rọ́bà dáadáa mọ́ ọn níhà méjèèjì, so apá kan mọ́ ara irin áńpù, kí o sì fi apá kejì kan orí kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Fi mítà wò ó kí o rí i pé ó ti di òfo. Nígbà tí o bá fẹ́ wọn iná nínú rẹ̀ tí ó ń jó lọ́wọ́, ọwọ́ kan ni kí o lò, kí èkejì wà lẹ́yìn rẹ, kí o má sì wà láìwọ bàtà.

Wáyà iná rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ oní-ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, pààrọ̀ rẹ̀ sí oní-wáyà mẹ́ta, kí o sì de wáyà áàtì mọ́ ara irin rẹ̀ ṣinṣin. Kapásítọ̀ kékeré kan wà tó so wáyà iná mọ́ ara irin náà. Gé e kúrò. Bí ó bá jó mọ́ra lọ́jọ́ kan, gbogbo ara irin náà á di oníná, okùn gìtá tí o fọwọ́ dì mú náà á di oníná, bí o bá sì fi ètè kan máìkì lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn, bí ó bá tiẹ̀ mọ síbẹ̀. Wo tiransifọ́mà rẹ náà: ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a ń rà níbí ni kò ní ihò kẹta fún áàtì níhà tí 110 ti ń jáde. Áàtì ilé gbọ́dọ̀ kọjá nínú rẹ̀ dé ara áńpù.

Mo fẹ́ kí o wo nǹkan mẹ́rin fún mi, kí o sì padà wá sọ. Àkọ́kọ́ ni orúkọ tí wọ́n kọ sára fáàfù kọ̀ọ̀kan. Èkejì, láìfi gìtá sí i, fi mítà wò bóyá iná kankan wà lórí ẹsẹ̀ 5 (ẹsẹ̀ ni àwọn irin kékeré ìsàlẹ̀ fáàfù) ti fáàfù ńlá méjèèjì, àwọn 6V6GT. Òfo ló yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, fólítì mélòó ló wà lórí ẹsẹ̀ 8 wọn, mélòó sì ni ti ẹsẹ̀ 3? Ẹ̀kẹrin, wọn iná tó ń mú fáàfù gbóná, láàrin ẹsẹ̀ 2 àti ẹsẹ̀ 7, kí o wọ̀n ọ́n nígbà tí iná ìjọba wà, kí o sì tún un wọ̀n nígbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀. 6.3 ló yẹ kí ó jẹ́. Bí ó bá kọjá 6.9 tàbí tí ó wá sí ìsàlẹ̀ 5.7, fáàfù kò ní pẹ́ láyé.

Àdùnní Onígìtá, Sùúrùlérè, fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa tí a ń ta gìtá kún un, nítorí pé àwọn nǹkan kan wà tí àbúrò yìí lè ṣe lálẹ́ òní láìtú ìdè kankan.

Àbúrò, ihò wo lo ń ki wáyà gìtá rẹ bọ̀? Bí ó bá jẹ́ ihò kìíní ni, gbé e lọ sí ihò kejì. Résístọ̀ 68 kΩ méjì ló wà lẹ́yìn àwọn ihò yẹn, bí o bá sì lo ihò kejì nìkan, ìdajì ohùn gìtá rẹ ló máa dé ọ̀dọ̀ fáàfù àkọ́kọ́. Ìdajì yẹn tó láti sọ ohùn tó ń fọ́ ní 3 di ohùn tó mọ́ títí dé 5. Kọ́bọ̀ kan kò ní jáde lápò rẹ. Ọ̀nà ohùn méjì ni áńpù yìí ní; kókó ohùn ti apá kejì tí o kò fi gìtá sí pàápàá kì í jókòó lásán nínú áńpù yìí. Bí o bá ń yí i díẹ̀díẹ̀, wàá gbọ́ pé ohùn apá tí o ń lò náà ń yí padà. Jókòó tì í kí o wá ibi tó ti dára jù.

Lẹ́yìn èyí, wo píkọ́ọ̀pù gìtá rẹ, ìyẹn ẹ̀yà abẹ́ okùn tó ń gba ìró wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń gbé e sún mọ́ okùn jù nítorí pé a fẹ́ kí ó pariwo. Sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, pàápàá níhà okùn tó nípọn, wàá sì rí i pé okùn tínrín á yọrí láàrin wọn. Wo wáyà rẹ náà. Wáyà gígùn máa ń jẹ ohùn òkè, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣe bí kapásítọ̀. Nǹkan bí 100 pF ni mítà kan máa ń kó sínú. Ẹni tó bá ń lo wáyà tó gùn tó mítà 10 ti so nǹkan bí 1,000 pF mọ́ gìtá rẹ̀ láìmọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa bú áńpù pé kò dún ketekete.

Sípíkà ni mo fẹ́ fi gùn lé ọ̀rọ̀ mi, nítorí òun ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Nǹkan bí wáàtì 12 ni áńpù yìí ń mú jáde. Bí o bá sọ wáàtì 12 di 24, ohun tí etí rẹ máa gbọ́ kò ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó) 3 lọ. Sípíkà kan wà tó jẹ́ pé tí o bá fún un ní wáàtì 1, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 97 ló ń sọ. Òmíràn á sọ 100. Ẹni tó bá fi ti 100 rọ́pò ti 97 ti sọ áńpù rẹ̀ di ìlọ́po méjì láìfọwọ́ kan fáàfù kankan, kò sì ní nílò láti yí kókó ohùn dé ibi tí ó ti ń fọ́ mọ́. Celestion Blue oní-ínṣì 12 wà lára àwọn tó ń sọ 100, wáàtì 15 ló sì lè gbà, nítorí náà ó bá áńpù kékeré yìí mu. 8 Ω ni kí o rà. Fi ti àtijọ́ pamọ́ sínú páálí, má tà á, kí o má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé tuntun rọ́pò ìwé tó ń mì nínú sípíkà náà.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ní òde àríyá, níbi tí ìyá ìlù, gángan àti sákárà ti ń dún pọ̀, tí sípíkà ńlá sì tò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kánópì, wáàtì 12 kò ní mọ́ gaara bí o bá fẹ́ kó gbogbo òde, ohun yòówù kí o ṣe sí i. Gbé máìkì kan síwájú rẹ̀, jẹ́ kí àwọn tó ń bójú tó ohùn gbé e lọ sínú ẹ̀rọ ńlá. Kí áńpù tìrẹ máa bá ìwọ àti àwọn tó wà lórí ìtàgé sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kọ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Ihò kìíní ni mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí. Mo gbé e lọ sí ihò kejì lálẹ́ àná, ìyàtọ̀ sì wà, ẹ̀gbọ́n Àdùnní, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n béèsì rẹ̀ ṣì ń há.

Bàbá, mo ṣe gbogbo bí ẹ ṣe wí. Wáyà oní-ẹsẹ̀ méjì náà ló wà níbẹ̀. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀, mo sì ti gé kapásítọ̀ yẹn kúrò. Ohun tí mo rí kà lára àwọn fáàfù nìyí: 5Y3GT kan, 6V6GT méjì, 12AX7 méjì. Òfo ni ẹsẹ̀ 5 lára 6V6 kan, ṣùgbọ́n lára èkejì, 7 fólítì ló wà níbẹ̀. 26 ló wà lórí ẹsẹ̀ 8, 330 sì ni ti ẹsẹ̀ 3. Iná tó ń mú fáàfù gbóná jẹ́ 6.5 nígbà tí iná ìjọba wà. Nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀, kò dúró lójú kan: ó gòkè dé 7.1, ó sì tún já wálẹ̀.

Bàbá Rediónìkì, Mushin, fèsì pé:

O ti bá mi rí i. Méjì nínú ohun tí o kọ yìí ló ń fọ́ ohùn rẹ.

Nínú 5E3, fáàfù kékeré àkọ́kọ́ kì í ṣe 12AX7. 12AY7 ni wọ́n fi síbẹ̀. Fáàfù kékeré kejì ló jẹ́ 12AX7. Ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ inú àpótí rẹ yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ bí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bá ṣì ṣeé kà. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tún un ṣe nígbà kan má rí 12AY7 rà, kí ó sì fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dí àlàfo náà, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn bára mu. Ṣùgbọ́n agbára ìlọ́po 12AX7 jẹ́ 100, ti 12AY7 sì jẹ́ nǹkan bí 44. Èyí túmọ̀ sí pé láti ẹnu ọ̀nà ni ohùn gìtá rẹ ti ń wú ju bí ó ṣe yẹ lọ, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì máa jẹ àjẹkì. Wá 12AY7. Bí o kò bá tíì rí i, 12AT7 tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ECC81 lè dúró fún un. 60 ni tirẹ̀. 12AU7, tó tún ń jẹ́ ECC82, kò ju nǹkan bí 20 lọ, òun ló sì máa fún ọ ní ohùn tó mọ́ jù, àmọ́ áńpù náà lè dà bí ẹni tí kò jẹun kánú. Gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí o bá lè rí wọn.

Èyí tó léwu ni 7 fólítì yẹn. Kapásítọ̀ kan wà láàrin fáàfù tó ń pín ohùn sí méjì àti 6V6 kọ̀ọ̀kan, 0.1 µF ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó jẹ́ kí ohùn kọjá, kí ó sì dí iná mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti ń jò. Iná tó jò kọjá náà ń ti 6V6 láti jẹ iná ju bí ó ṣe yẹ lọ. Wò ó: résístọ̀ 250 Ω ni àwọn méjèèjì jọ dúró lé lórí, 26 fólítì sì wà lórí rẹ̀, nítorí náà 104 mA ni wọ́n jọ ń jẹ. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, 52 mA kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yọ 26 kúrò nínú 330, kí o fi 304 tó kù sọ ọ́ di púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 16. Èyí tí wọ́n ṣe 6V6GT fún jẹ́ wáàtì 12 sí 14. Wọn kò tilẹ̀ pín in dọ́gba, nítorí náà èyí tó ní 7 fólítì lẹ́sẹ̀ ti kọjá 16 lọ jìnnà. Má tan áńpù náà mọ́ títí o fi pààrọ̀ kapásítọ̀ wọ̀nyẹn. Oní-fólítì 600 ni kí o rà, kí o pààrọ̀ méjèèjì pọ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí o bá ti ṣí i, pààrọ̀ kapásítọ̀ ńlá mẹ́ta wọ̀nyẹn, àti mẹ́ta oní-25 µF tó wà lẹ́yìn àwọn fáàfù. Omi inú wọn ti gbẹ láti ìgbà pípẹ́. Kapásítọ̀ tó gbẹ kò lè gbé iná dúró nígbà tí béèsì bá fà á lójijì, ìdí nìyẹn tí okùn nípọn rẹ fi ń há. Má sọ 16 di 100 nítorí pé o rò pé púpọ̀ ló dára jù. 5Y3GT, fáàfù tó ń sọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ di èyí tó ń lọ síhà kan ṣoṣo, kò ní fara dà á. 16 tàbí 22 ti tó.

Nípa iná, má fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tan án láìsí sitabiláísà láàrin wọn. Kí o sì máa fọwọ́ kan tiransifọ́mà inú áńpù náà lẹ́yìn tí o bá ti lò ó fún wákàtí kan. Iná Amẹ́ríkà ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa jẹ́ ìgbà 50, tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60 sì máa ń gbóná sí i lórí 50. Kí ó gbóná kò burú. Bí ọwọ́ rẹ kò bá lè dúró lé e, pa á.

Adé, Ẹ̀bùté Mẹ́tta, fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni lè wá gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o fi GZ34, fáàfù mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, rọ́pò 5Y3GT kí agbára lè pọ̀ sí i, kí ohùn sì tètè dáhùn. Mo ṣe é sí irú áńpù yìí kan náà. Lóòótọ́ ni ohùn náà le, tí kò sì ń mì mọ́ bí mo bá fọwọ́ ta okùn líle. Ṣùgbọ́n fólítì fi ohun tó ju 30 gòkè, n kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n pààrọ̀ résístọ̀ 250 Ω yẹn sí èyí tó pọ̀ jù ú lọ. Láàrin orin ìyìn kan báyìí ni mo rí i pé irin inú 6V6 mi ti pọ́n bí ẹ̀yinná. Àwọn fáàfù náà ti wà nínú áńpù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, n kò sì rí irú wọn mọ́. Bí o kò bá lè ṣe ìṣirò tí Bàbá ṣe yìí lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí o bá fi í sí i, fi 5Y3GT rẹ sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkọkà fèsì pé:

Mo kí gbogbo ilé. Ìmọ̀ iná mànàmáná ni mò ń kọ́, mo sì fẹ́ fi ìṣirò díẹ̀ ti ohun tí àwọn àgbà sọ lẹ́yìn, kí arákùnrin wa má baà ṣe iṣẹ́ tí kò ní èrè.

Wọ́n máa ń sọ pé kí ènìyàn pààrọ̀ kapásítọ̀ 0.1 µF tó wà lẹ́yìn fáàfù àkọ́kọ́ sí 0.022 kí béèsì lè dín kù. Bí a bá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú kókó ohùn 1 MΩ tó tẹ̀ lé e, 0.1 ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohùn ní nǹkan bí 1.6 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), 0.022 ń bẹ̀rẹ̀ ní 7.2 Hz. Okùn tó nípọn jù lára gìtá jẹ́ 82 Hz. Nítorí náà, ìwọ̀nba ni iṣẹ́ tí ìyípadà yẹn máa ṣe. Ó di ìgbà tí ènìyàn bá sọ ọ́ di 0.0022, tí ó jẹ́ 72 Hz, kí ó tó kan gìtá.

Ibi tí èrè wà ni kapásítọ̀ 25 µF tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ résístọ̀ 1.5 kΩ ní fáàfù kékeré kejì. Bí o bá fi 1 µF rọ́pò rẹ̀, ohùn tó wà ní òkè nǹkan bí 106 Hz á máa kọjá pẹ̀lú agbára rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ á rẹlẹ̀. Béèsì ló máa ń kọ́kọ́ ti 6V6 dé òpin agbára wọn. Bí ó bá ti rẹlẹ̀, ààyè á ṣí sílẹ̀ fún ohùn òkè. Bí o bá sì yọ kapásítọ̀ náà kúrò pátápátá, gbogbo ohùn ni yóò rẹlẹ̀ níbẹ̀, áńpù náà á sì mọ́ gaara jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ kan péré ni kí o jó kúrò, kí o fi rọ́bà bò ó, kí o sì tẹ́tí sí i. Bí kò bá wù ọ́, o jó o padà.

Kí ohùn lè dún ketekete, wá kapásítọ̀ 100 tàbí 120 pF, jó o mọ́ kókó ohùn, láàrin ibi tí ohùn ti ń wọlé àti ibi tí ó ti ń jáde. Ohùn òkè á gba ọ̀nà yẹn kọjá láìdúró de kókó náà. Mọ̀ pé bí o bá ṣe ń yí kókó sókè ni iṣẹ́ rẹ̀ ń dín kù; bí o bá yí i dé òpin, kò ní sí mọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kọ pé:

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ti kọ̀wé gbẹ̀yìn. Ẹ má bínú. Mọ̀lẹ́bí wa kan tó ń bọ̀ láti òkè òkun ni mo dúró dè kí ó bá mi mú 12AY7 wá.

Mo pààrọ̀ gbogbo kapásítọ̀ tí Bàbá kà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ 5 ti di òfo níhà méjèèjì, 20 fólítì ló wà lórí ẹsẹ̀ 8, 345 sì wà lórí ẹsẹ̀ 3. Mo ṣírò rẹ̀, ó fún mi ní wáàtì 13 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo fi 12AY7 sí i. Bàbá, n kò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Ìyá wa ló wọlé láti pálọ̀ tí wọ́n ní, "Bó ṣe máa ń dún nígbà tí àbúrò bàbá yín ń ta á nìyẹn." Ó mọ́ títí kọjá 5, béèsì kò há mọ́.

Mo tún gbìyànjú ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ sọ. Mo yọ 25 µF ti fáàfù kejì kúrò pátápátá, ó mọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹ̀mí rẹ̀ kéré; 1 µF ni mo padà fi síbẹ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. 120 pF náà wà lórí kókó ohùn. Ní 4 tàbí 5 ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ń fi ohùn kékeré ṣe ìgbáradì nínú ilé, ó máa ń gún mi létí. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé kí n yọ 120 pF yìí ni? Ṣé ó sì yẹ kí n dá díẹ̀ nínú ohùn tó ń lọ sí sípíkà padà sẹ́yìn, bí àwọn kan ṣe ń ṣe, kí ó lè túbọ̀ mọ́?

Bàbá Rediónìkì, Mushin, fèsì pé:

Bá mi kí ìyá rẹ.

Má yọ ọ́. Fi 47 pF rọ́pò rẹ̀, kò ní gún ọ létí mọ́ nígbà tí ohùn bá kéré.

Ní ti ohùn tí a ń dá padà, 5E3 kò ní in, ara ohun tó mú kí ohùn rẹ̀ rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì nìyẹn. Bí o bá fẹ́ gbọ́ ọ, résístọ̀ nǹkan bí 56 kΩ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, láti ibi tí wáyà sípíkà ti jáde wá sórí résístọ̀ 1.5 kΩ yẹn. Ìwọ yóò ní láti kọ́kọ́ yọ 1 µF tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀, nítorí pé yóò gbé ohùn tí o dá padà náà lọ sílẹ̀. Bí áńpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro bí o ti tan án, pa á kíákíá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló dojú kọ iwájú, wáyà méjì tó wá láti ara tiransifọ́mà ohùn sí ẹsẹ̀ 3 àwọn 6V6 ni kí o pààrọ̀ ipò wọn. Yóò mọ́ sí i, ohùn rẹ̀ yóò sì le sí i, ṣùgbọ́n nígbà tó bá tó àkókò tí ó máa fọ́, lójijì ni yóò fọ́, kò ní rọra fọ́ bí ó ti ń ṣe nísinsìnyí. Èmi kò ní ṣe é sí i. Gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù méjì bí ó ṣe wà yìí ná.

Kó gbogbo ẹ̀yà àtijọ́ tí o yọ sínú àpò ọ̀rá kan, kọ orúkọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sára rẹ̀, kí o sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí náà nínú, jìnnà sí àwọn fáàfù.